Ọkọ̀ Tí A Ta Òróró Sí Nímú

Ọlọ́run tí kò fi wá sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo dúpẹ́ o! Ẹ bá mi gbé e, ẹ̀yin ará: a dúpẹ́ o! Kí ẹni tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn náà dáhùn. Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n di ẹ̀yìn àga yìí mú. Orúnkún mi kò fẹ́ ìdúró pípẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sì gùn díẹ̀. N kò kàwé kọjá ìwé kẹta. Bí ó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu mi ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òjò kò rọ̀, òjò kò sì dá. Ó ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá ń sẹ̀ wínníwínní bí ìgbà tí ènìyàn ń jọ èlùbọ́. Kùrukùru bo Igbógilà débi pé n kò rí igi àgbọn tó wà níwájú ilé wa. Adìyẹ kò jáde. Láfún tí mo sá ti tutù padà, inú mi kò dùn. Mo rántí dáadáa pé ohun tí mo ń bá Ọlọ́run sọ láàárọ̀ yẹn kò ju pé kí oòrùn yọ, kí láfún mi má baà bu. Ènìyàn kì í mọ ohun tó yẹ kó tọrọ.

Mo wọ yàrá láti jí ọkọ mi. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò mí. Itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó jẹ́ ọwọ́ tó kù fún un, ó jábọ́ sórí ẹní bí iṣu. Mo ní, "Bàbá Ṣẹ́gun." Kò dáhùn. Mo ní, "Àkànní." Bí mo bá pè é ní Àkànní, bó ti wù kó sùn tó, ó máa ń hùn. Kò hùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ wá má baà ṣìnà.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ lù ú lóko ṣáájú ìgbà yẹn. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kú. Ọ̀rọ̀ wúwo sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ló ń sọ lóòjọ́. Wọ́n ní kí a máa gbé e wá sí ọsibítù ní Ayétòrò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa bá a na ẹsẹ̀ náà. Báwo ni a ó ṣe gbé e? Ọ̀kadà ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. A fi ọ̀já dè é mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀já tú, ó fi orí gbálẹ̀. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo kó èrè láfún àti epo mi jọ, Ṣẹ́gun ọmọ wa tó ń mọlé fi tirẹ̀ kún un, a ní a ó ra ọkọ̀.

Ṣẹ́gun mọ ọkùnrin kan ní Owódé tó ń jẹ́ Wàsíù. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti Kútọnu wọlé ló ń tà. Ó fi fọ́tò ọkọ̀ mẹ́rin ránṣẹ́ sórí fóònù, mo sì fi wọ́n han Bàbá lórí ibùsùn. Ó wo àkọ́kọ́, ó gbójú kúrò. Èkejì, ìkẹta, bákan náà. Nígbà tó kan ìkẹrin, ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, ẹ̀rín kò tíì yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìka kan fóònù náà, ó ní, "Mọ́tò... Ọ̀gá."

Ó yé mi. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan tó ń ra kòkó. Ọkọ̀ ìgbà náà ní imú gígùn, irin tó tò bí eyín níwájú, iná méjì roboto bí ojú òwìwí. Èyí tí Wàsíù ní kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àìpẹ́ yìí ni òyìnbó ṣe é, wọ́n kàn ṣe é kó jọ ti ayé àtijọ́ ni. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí epo tó dì. Kò ní bọ́ọ̀tù tó yọ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí, tí ènìyàn bá sì tẹ àga ẹ̀yìn lulẹ̀, àgbàlagbà lè na gbalaja síbẹ̀.

A lọ sí Owódé. Mo yẹ ọkọ̀ náà wò bí mo ṣe ń yẹ ewúrẹ́ wò. Mo ní kí wọ́n yọ irin tí wọ́n fi ń wọn epo ẹ́ńjìnì, mo fọwọ́ kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo tẹ táyà. Mo dúró ti àga iwájú, ó bá ìdí mi dọ́gba, mo mọ̀ pé Bàbá kò ní í tẹ̀ ba kó tó wọlé, kò sì ní í gùn.

Wàsíù ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá máa kọ́ wa níṣẹ́ yìí. Sẹ́ bọ̀n àbí kò bọ̀n?"

Mo ní, "Mi ò gbọ́ Faransé. Fi Yorùbá purọ́ fún mi, kí n lè mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Mi ò ní purọ́ fún yín, Màmá. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ dáa. Nǹkan kan ṣoṣo ni: àárín wa níbí ni kẹ́ ẹ ti máa lò ó. Ẹ má gbé e kọjá Ayétòrò."

Ṣẹ́gun mi orí. Èmi náà mi orí.

Ẹ̀yin ará, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ni ọ̀rọ̀ yẹn kò yé nínú wa? Inú igbó ni ọkọ̀ náà gbà wọlé, kò san owó ibodè, kò sì ní ìwé. Níbi tí wọ́n bí wa sí yìí, a kì í pe irú rẹ̀ ní olè. Ọkọ̀ ilé là ń pè é. Ọkọ̀ ilé ń lọ sóko, ó ń lọ sọ́jà, ó ń lọ sílé Ọlọ́run. Ibi tí àwọn aṣọ́bodè dúró sí lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta ni ayé tirẹ̀ parí sí. Mo yẹ ẹ́ńjìnì, mo yẹ táyà, mo yẹ àga. Ìwé ni n kò béèrè, torí mo mọ̀ pé kò sí.

A sì gbé e wá síbí. Ẹ rántí. Ẹ jáde síta, ẹ kọrin yí i ká. Alàgbà da òróró sí i nímú. Ibi tí mo dúró sí yìí gan-an ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà tí mo jẹ́rìí pé Olúwa ti fún wa lọ́kọ̀. Alàgbà bi mí léèrè, "Màmá, ṣé gbogbo nǹkan ọkọ̀ náà pé?" Mo ní, "Ó pé, Bàbá."

Ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà kò pé. Èyí tí mo ń jẹ́ lónìí ló máa parí rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún wa o, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé. Tí Ṣẹ́gun bá ń wà á lọ, tí òun jókòó síwájú, àwọn ènìyàn á máa kí i lójú ọ̀nà pé, "Ọ̀gá oníkòkó, ẹ fún wa lówó kòkó wa!" Yóò gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí wọn.

Àárọ̀ òjò wínníwínní yẹn ló wá dé.

Èmi àti Ṣẹ́gun gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, a tẹ́ tìmùtìmù sábẹ́ rẹ̀, ó di Ayétòrò. Dókítà fi iná wo ojú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin ni, kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà.

Ó ní, "Màmá, ó ti tún kọ lù wọ́n, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú orí níbí. Abẹ́òkúta ni. Kì í ṣe ọ̀la o. Báyìí báyìí ni."

Mo ní, "Ọkọ̀ aláìsàn yín ńkọ́?"

"Ó gbé aláboyún lọ láàárọ̀ yìí, kò tíì dé." Ó wo ìta láti ojú fèrèsé. "Ṣebí ẹ ní ọkọ̀?"

Ṣebí ẹ ní ọkọ̀. N kò ní í gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí n ó fi kú.

Nígbà tí a tún gbé e sínú ọkọ̀ tán, Ṣẹ́gun kò ṣáná sí i. Ó di ohun tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ mú. Ó ní, "Màmi, àwọn aṣọ́bodè máa gbà á lọ́wọ́ wa. Wọ́n máa já wa sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú Bàbá."

Mo ní, "Ká wá ọkọ̀ àjọwọ̀."

"Ta ló máa gbé ẹni tí ò lè jókòó, Màmi? Wọ́n á ní ẹ fẹ́ gbé òkú wọ ọkọ̀ àwọn." Ó wá ní, "Mo mọ ọ̀nà oko kan. Ẹ̀yìn àwọn aṣọ́bodè ló yọ sí."

Mo wo ojú ọ̀run. Mo mọ ohun tí òjò mọ́jú máa ń ṣe sí ọ̀nà oko. Láti kékeré ni mo ti ń rìn ín. Síbẹ̀ mo ní, "Máa lọ."

A rìn díẹ̀, ó dára. Oko gbágùúdá lọ́tùn-ún, oko gbágùúdá lósì, kùrukùru láàárín. Nígbà tí a dé ibi odò kékeré kan, iwájú ọkọ̀ wọ ẹrẹ̀, ó jókòó. Ṣẹ́gun tẹná mọ́ ọn. Táyà ń yí, kò lọ síbì kan. Ó gé ewé, ó gé igi, ó tì wọ́n sábẹ́ rẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, èmi tí ẹ ń wò yìí, mo fi èjìká ti ọkọ̀. Ẹrẹ̀ mu mí dé orúnkún. Bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọkọ̀ náà túbọ̀ ń rì ni.

Fóònù kò gbé ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó wá sóko nínú irú ojú ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ èémí Bàbá láti ìta, ó ń lọ gbùúrùgbùúrù bí ọlọ, ó máa ń dúró, yóò wá tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá dúró, èmi náà á dúró.

Ṣẹ́gun jókòó sínú ẹrẹ̀. Ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́ta, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Màmi, èmi ni mo pa Bàbá."

Mo ní, "Dìde. Èmi ni mo ní kó o máa lọ. Bí a bá máa sunkún, jẹ́ ká dé ibi tó mọ́ ná."

Mo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, mo dùbúlẹ̀ ti ọkọ mi, kí ara mi lè mú un móoru. Mo fẹ́ gbàdúrà. Mo ní, "Olúwa tó fún wa ní ọkọ̀..." N kò lè parí rẹ̀. Mo wá ní, "Olúwa, mo purọ́ níwájú ìjọ Rẹ. Ọkọ̀ yìí kò pé. Má fi irọ́ mi pa Àkànní." Ìyẹn nìkan ni. N kò mọ òmíràn tí mo lè gbà.

N kò tíì gbé orí sókè tí mo fi gbọ́ ìró ọkọ̀.

Àwọn aṣọ́bodè ni. Mẹ́rin ni wọ́n, pẹ̀lú ìbọn. Inú igbó yẹn ni wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn onífàyàwọ́. "Ọwọ́ sókè!" Ṣẹ́gun gbọ́wọ́ sókè pẹ̀lú ẹrẹ̀. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, rìn yí ọkọ̀ náà ká jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Òjò ò tiẹ̀ dá yín dúró, ẹ̀yin wọ̀nyí. Kí ló wúwo tó báyìí nínú ẹ̀? Àpò ìrẹsì mélòó?"

Ṣẹ́gun ní, "Kò sí ìrẹsì, sà."

"Kò sí ìrẹsì, ẹ wá gbafẹ́ wá sínú ẹrẹ̀."

Mo dá a lóhùn láti inú ọkọ̀. Mo ní, "Ìrẹsì náà rèé níbí, ọmọ mi. Ṣí i wò."

Ó gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè. Ó rí èmi arúgbó, ẹrẹ̀ dé itan. Ó rí Bàbá. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ti fi aláìsàn bo ìrẹsì rí fún wa. Ọkùnrin kan sùn sórí àpò mẹ́jọ, ó ń kérora bí ẹni tó fẹ́ kú. Nígbà tí a gbé àpò kúrò, ó sáré jù wá lọ."

Mo ní, "Fọwọ́ bọ abẹ́ tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ o, ọkọ mi ló wà lórí ẹ̀."

Ó fọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, irin ló bá níbẹ̀. Nígbà tó ń fa ọwọ́ yọ, ó kan ẹsẹ̀ Bàbá. Ẹsẹ̀ náà tutù. Mo rí i pé ó gbé ọwọ́ lé e, kò tètè gbé e kúrò.

Ó ní, "Ìwé ọkọ̀ yìí dà?"

Ṣẹ́gun ní, "Ó wà nílé, sà."

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti yí padà nìyí. Mo ní, "Kò sí nílé. Kò sí níbì kankan. Kútọnu ló ti wá, igbó ló gbà, mo sì mọ̀ kí n tó rà á. Ìdí nìyẹn tí a fi gba ibí. Èmi ni mo rà á, kì í ṣe ọmọ mi. Ẹ mú ọkọ̀, ẹ mú èmi náà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé ọkùnrin yìí dé Abẹ́òkúta."

Ọ̀kan nínú àwọn kékeré ní, "Ọ̀gá, ṣé ká wọ́ ọkọ̀ náà jáde?"

Ọ̀gá ní, "Ọkọ̀ wo? Ìwọ ò rí èèyàn níbí?"

Wọ́n gbé ìbọn sẹ́yìn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di igun tìmùtìmù mú, wọ́n gbé Bàbá la ẹrẹ̀ náà já sínú ọkọ̀ tiwọn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣí sílẹ̀. Ọ̀gá wọn kò jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ló jókòó sí pẹ̀lú èmi àti Ṣẹ́gun, ó na tapólì bo Bàbá, òjò ń sẹ̀ sí òun lórí. A kọjá níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sí lójú títì, ibi tí mo ti ń sá fún látàárọ̀. Wọ́n kàn gbé igi tí wọ́n fi dí ọ̀nà sókè fún wa ni.

Ó wá sọ fún mi, láìwo ojú mi, ó ní, "Màmá, ká ní ẹ gba títì, tí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, Bàbá á ti wà lọ́wọ́ dókítà báyìí. Ọkọ̀ là bá gbà. A kì í gba èèyàn."

Òjò tó pa mí lọ́jọ́ yẹn kò wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ náà.

Ní Abẹ́òkúta, wọ́n sáré gbé e wọlé. Dókítà kan jáde nígbà tí oòrùn ti ń lọ, ó ní, "Màmá, tí ẹ bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá jọ máa sọ. Ẹ jẹ́ ká máa wo ọwọ́ Ọlọ́run." Olúwa, mo dúpẹ́. Wọn kò ní kí n retí, wọn kò sì ní kí n má retí. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi jókòó ti ibùsùn náà. Mo ń fi òwú tí mo rẹ sínú omi tọ́ ọ lẹ́nu. Ojú rẹ̀ pa dé. Mo ti ń ro ibi tí a ó sin ín sí, n kò ní í tàn yín jẹ. Mo ti ń rò ó pé ẹ̀yìnkùlé ni yóò fẹ́, nítòsí igi ọsàn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lọ́sàn-án, mo ń ká aṣọ. Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Ó ní, "Mọ́tò... dà?"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Àkànní, èmi tí mo wà níbí láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, mọ́tò lo béèrè?" Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi. Mo ní, "Ó wà nílé. Àwọn olóko ti bá wa fà á jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa." Ó wò mí títí. Ó ní, "Hẹn."

Olúwa ṣeun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà méjèèjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olóko tí n kò mọ orúkọ wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàbá tirẹ̀ náà tutù nínú igbó. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alàgbà, ẹni tó gbé wa wá lónìí nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí mo ní kó dáhùn lẹ́ẹ̀kan, òun ni Bàbá Ṣẹ́gun. Ẹ wò ó. Ó gbé ọ̀pá sókè sí yín.

Ìwọ tó wà nínú wàhálà tí o ń gbọ́ mi, n kò ní ọgbọ́n púpọ̀. Èyí tí mo ní náà ni pé kí o má ṣe gba inú igbó wá ìrànlọ́wọ́. Bí ọwọ́ rẹ kò bá mọ́, gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sójú títì, kí o sọ pé kò mọ́. Ìjìyà lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ènìyàn wà.

Ó ku ẹyọ kan, kí n wá jókòó.

Nígbà tí ọkùnrin náà já wa sílẹ̀ ní ọsibítù, ó ní, "Ọkọ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn yín o, Màmá. Tí Bàbá bá gbádùn, ẹ gbé e wá bá wa lójú títì fúnra yín." Wàsíù ti gbọ́. Ó ti pe Ṣẹ́gun pé òun á wá gbé e padà sí òdìkejì ibodè, òun á sì fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀ fún wa, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Bàbá sọ̀rọ̀, mo fi àbúrò rẹ̀ obìnrin tì í ní ọsibítù, mo lọ sílé. Mo pọn omi. Mo fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ náà, láti táyà títí dé imú, níbi tí Alàgbà da òróró sí. Mo wọ aṣọ tó mọ́, mo jókòó síwájú, sórí àga Bàbá. Ṣẹ́gun wà á títí a fi kọjá Ayétòrò. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà oko ti yà, ó dẹ ẹsẹ̀, ó wo ojú mi.

Mo ní, "Máa lọ tààrà."

Mo sì ti sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi kalẹ̀ kí àwọn aṣọ́bodè tó na ọwọ́ dá wa dúró.